Ta Ni Yóò Dáwó Rédíò? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìkówójọ Lórí Afẹ́fẹ́ ní Rédíò Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi Sátidé yín jókòó ti maikirofóònù láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín wá. Bí mo bá kọjú sí yín ju àwọn yòókù lọ, kí wọ́n fi ṣe àmójúkúrò.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Owó tí a ń tọrọ ní gbangba ni, lórí afẹ́fẹ́, lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí, fún ohun tí onítọ̀hún ti ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti àárọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò ní orí àwọn wọ̀nyí kò pé. Síbẹ̀, ó ti lé ní 70 ọdún tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ san owó iná, tí wọ́n ń fi í tún ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n sì ń fi í san owó àwọn olórin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ rédíò inú kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti ọmọ àdúgbò ti jọ ń pín wákàtí. Kì í sábà sí ẹni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Bó bá sì wà, kì í sábà pọ̀.

Kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Owó olùgbọ́ ló ṣòroó gbà jù nínú gbogbo owó, òun náà ló sì lẹ́nu jù. Ẹni tó fún rédíò ní 20 dọ́là ti di ẹni tó lè béèrè pé, “Kí lẹ fi ṣe?” Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ owó náà, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ìbéèrè náà, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Lewis Hill ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin yìí kọ̀ láti gbé ìbọn nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá KPFA sílẹ̀ ní ìlú Berkeley, ní Kalifọ́níà. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 1949 ni ohùn wọn kọ́kọ́ jáde. Hill kò fẹ́ kí ọlọ́ṣẹ tàbí onísìgá máa pàṣẹ ohun tí òun yóò sọ, kò sì fẹ́ kí ìjọba máa pàṣẹ rẹ̀. Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀: bí 2 péré nínú 100 àwọn tó ń gbọ́ FM lágbègbè náà bá ń san dọ́là 10 lọ́dún, rédíò á dúró.

Ìṣirò náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ilé tó ní ẹ̀rọ FM nígbà yẹn kò tó nǹkan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ ọdún 1950, owó ti tán, KPFA dákẹ́. Àwọn olùgbọ́ tó ti mọ adùn rẹ̀ ló gbéra, tí wọ́n dáwó, tí ilé-iṣẹ́ náà fi padà sórí afẹ́fẹ́ ní 1951. Lójú tèmi, ìdákẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo àlàyé tí Hill ti ṣe lọ. Títí dòní, atọ́kùn ètò tó bá ń tọrọ owó yóò sọ ọ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn pé bí ẹ kò bá san, a ó dákẹ́. Ní ti KPFA, ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sí ẹni tó lè ní irọ́ ni.

Ní ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, àjọ FCC tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ya ìsàlẹ̀ FM, láti 88 dé 92, sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í fi rédíò ṣòwò. Ní 1948 wọ́n tún fàyè gba ẹ̀rọ kékeré oníwáàtì 10, èyí tí ohùn rẹ̀ kò lè rìn jìnnà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Bí rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. KCMU, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní Seattle lọ́dún 1972, wáàtì 10 lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí di 1981, nígbà tí ọwọ́ yunifásítì wọ́n, tí wọ́n sì ní kí rédíò lọ wá oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi orin dá ara wọn lára yá kò rí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tọrọ owó.

Ohun tí òfin gbà àti èyí tí kò gbà

Ẹ má rò pé bí owó bá tán, ẹ kàn máa polówó búrẹ́dì ni. Ní ìsàlẹ̀ FM tí mo wí yẹn, ìpolówó ọjà kò bófin mu. Oníṣòwò lè fún rédíò lówó, wọ́n sì lè dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó wà àti ohun tó ń tà. Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ilé búrẹ́dì kan tó wà lẹ́yìn ọjà ló ṣe onígbọ̀wọ́ ètò yìí, àti pé búrẹ́dì àlìkámà ni wọ́n ń ṣe, kò sí ẹni tí yóò bi yín. Ẹ wá fi kún un pé búrẹ́dì ọ̀hún ló dùn jù nílùú, tàbí kí ẹ dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á, tàbí kí ẹ ní kí àwọn ènìyàn sáré lọ rà á: ẹ ti rú òfin nìyẹn, owó ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e.

Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí rédíò má tọrọ fún ara rẹ̀. Atọ́kùn tí kò gbọdọ̀ sọ pé “ẹ lọ ra búrẹ́dì” lè sọ ní gbangba pé “ẹ gbé fóònù, ẹ fún wa lówó, nísinsìnyí.” Títọrọ fún ẹlòmíràn ló ní ìdíwọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní 2010, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ dá ètò rẹ̀ dúró láti kówó jọ fún àwọn ará ibẹ̀ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ FCC ná. Ní 2017 ni wọ́n tó dẹ okùn díẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí kì í gba owó àjọ CPB lè lo ìdá 1 nínú 100 àkókò rẹ̀ lọ́dún fún irú iṣẹ́ àánú bẹ́ẹ̀.

CPB ni àjọ tí òfin ọdún 1967 dá sílẹ̀ láti máa pín owó ìjọba fún rédíò àti tẹlifíṣàn aráàlú. Nígbà tí àjọ náà wà, rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké kì í sábà rí nǹkan gbà níbẹ̀, torí ó máa ń béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù. Nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gba nǹkan bí bílíọ̀nù 1.1 dọ́là padà lọ́wọ́ CPB ní oṣù Keje ọdún 2025, tí àjọ náà sì kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ pé àwọn ń kógbá sílé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fi ọwọ́ lérí. Àwọn tí kò jẹ níbẹ̀ rí kò mọ̀ pé wọ́n ti kó àwo.

Kí n tó kúrò lórí òfin, ẹ gbọ́ ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT ní rédíò kan tó ń jẹ́ WTBS tẹ́lẹ̀. Ted Turner, olówó tó ni tẹlifíṣàn ní Atlanta, fẹ́ orúkọ yẹn lójú méjèèjì, nítorí ó bá orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ mu. Òfin kò gbà kí wọ́n ta orúkọ. Turner bá fi 50,000 dọ́là ta ilé-iṣẹ́ náà lọ́rẹ, àwọn ọmọ náà sì jọ̀wọ́ orúkọ fún un ní 1979. Wọ́n fi owó ra ẹ̀rọ, wọ́n ń jẹ́ WMBR láti ìgbà náà, orúkọ tó ń tọ́ka sí àjà ilẹ̀ ilé tí wọ́n wà. Kò sí ẹni tó lè tún irú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Inú yàrá tẹlifóònù

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. WFMU ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Upsala, ní East Orange, New Jersey. Kì í gba owó onígbọ̀wọ́ rárá, àtèyí tí òfin gbà. Àwọn atọ́kùn rẹ̀ kì í gba owó. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹta, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ya gbogbo ètò sọ́tọ̀ fún ìkówójọ tí wọ́n ń pè ní Marathon.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣàkíyèsí ni pé atọ́kùn kì í dá jókòó lásìkò náà. Ẹnì kejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá tọrọ owó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ á ti dà bí ohùn ajigbèsè kó tó parí. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan á máa bú èkejì, ọ̀kan á máa rán èkejì létí nọ́ńbà tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ á di eré. Atọ́kùn tó bá ní ìtìjú, alábàákẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni yóò yìn ín, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè yin ara rẹ̀ kó má tì í lójú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bùn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń fún olùdáwó ní ṣẹ́ẹ̀tì, ife tàbí ìwé àlẹ̀mọ́ ara mọ́tò. Ní WFMU, atọ́kùn kọ̀ọ̀kan tún máa ń ṣe ẹ̀bùn tirẹ̀: ó lè jẹ́ orin tó ṣà jọ fúnra rẹ̀, irú èyí tí kò sí ní ọjà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó dáwó mọ̀ pé ọwọ́ lágbájá ni nǹkan yìí ti wá, lágbájá tí òun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lálaalẹ́ Ọjọ́rú.

Ní yàrá kejì, àwọn mìíràn jókòó ti fóònù. Fọ́ọ̀mù wà níwájú wọn. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó sábà máa ń wà lórí rẹ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, iye owó, ìwọ̀n ṣẹ́ẹ̀tì, ètò tí olùdáwó fẹ́ kí wọ́n kọ owó rẹ̀ mọ́. Ìlà kan tún wà tó ń béèrè bóyá wọ́n lè dárúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, àti bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àyè kékeré kan wà fún ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ fún atọ́kùn. Ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò rò pé iye owó ló ṣe pàtàkì jù. Rárá o. Ìlà orúkọ àti àyè kékeré yẹn ni. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù náà wọlé fún atọ́kùn, á kà á: obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn ní òun ń gbọ́ yín nínú ọkọ̀ lọ sílé. Fóònù mìíràn á dún.

Ẹni tó bá ti lọ òde ìnáwó Yorùbá rí kò nílò kí n ṣàlàyé. Onílù á kì ọ́, á dárúkọ bàbá rẹ, àwọn tó kù lágbo á wò ọ́, ọwọ́ rẹ á wọ àpò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé onílù ló ni owó tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, atọ́kùn rédíò kò ní kọ́bọ̀ nínú èyí tó pè wọlé.

Àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀ tiwọn. Má ṣe bínú sí olùgbọ́. Má ṣe sọ pé kò sẹ́ni tó ń pè, torí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́ níbi tí kò sí ènìyàn. Má ṣe ka gbèsè ilé-iṣẹ́ bí ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Dárúkọ nǹkan kan tó ṣeé fojú rí, bí wáyà tó já lórí òpó, kí o sì sọ iye tí wọ́n máa tún un ṣe. Máa tún nọ́ńbà fóònù kà títí yóò fi sú ìwọ fúnra rẹ. Bí olówó kan bá ṣèlérí pé òun yóò san iye kan bí ogún ènìyàn bá pè kó tó di aago mẹ́sàn-án, jẹ́ kí òtítọ́ ni: bí wọn ò bá pé ogún, má gba owó náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ó sì ń dùn mí. Olùgbọ́ tó bá mọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé aago mẹ́sàn-án yín kì í ṣe aago mẹ́sàn-án, kò ní sáré mọ́.

Ní alẹ́ ìparí Marathon, àwọn atọ́kùn WFMU fúnra wọn a máa kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílù ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó bìkítà.

Iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ariwo. Ìlérí kì í ṣe owó. Ẹni tó fi ìdùnnú pe 100 dọ́là ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè jí ní ọ̀la kó rántí owó ilé. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí i, wọ́n á tún kọ, ohùn wọn á máa rọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹnì kan ní láti ká a, kó fi í sínú àpò ìwé, kó kọ àdírẹ́sì, kó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tí kì í gbowó náà ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí. Owó orí tún wà níbẹ̀: olùdáwó kò lè yọ gbogbo ohun tó san kúrò nínú owó tí ìjọba máa bu owó orí lé, iye tí ẹ̀bùn tó gbà tó ní ọjà gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ohun tó san bá sì ju dọ́là 75 lọ, tó gba ẹ̀bùn gidi padà, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Nítorí wàhálà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń rọ olùgbọ́ báyìí pé kó jẹ́ kí káàdì rẹ̀ máa san owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó náà kéré, àmọ́ kì í gbàgbé.

Nígbà tí olùdáwó bá lanu

Ẹ jẹ́ ká padà sí Seattle. Láti 1981 ni àwọn olùgbọ́ KCMU ti ń dáwó. Ní 1992, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ètò padà, wọ́n ń gba ètò láti ìta, wọ́n ń gba wákàtí lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ara wọn jìn. Àwọn atọ́kùn kan sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì lé wọn. Kíá, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ jẹ́ CURSE, èyí tó túmọ̀ sí ègún. Wọ́n sọ fún olùgbọ́ pé kó di owó rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́.

Àwọn kan á ní ìyẹn ni ewu inú kíkówó jọ lọ́wọ́ aráàlú: ẹni tó san dọ́là mẹ́wàá á fẹ́ di ọ̀gá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń sọ lórí afẹ́fẹ́ fún àwọn ènìyàn yẹn pé, “Rédíò yín ni o.” Àwọn ènìyàn náà gbà á gbọ́. Ta ló jẹ̀bi?

Ẹni tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Ibì kan wà tí owó olùgbọ́ kò dé, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011, Yunifásítì San Francisco ta ìwé àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rédíò rẹ̀, KUSF, fún mílíọ̀nù 3.75 dọ́là. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pa ẹ̀rọ, ètò ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Yunifásítì Rice ní Houston náà ta ti KTRU fún mílíọ̀nù 9.5 dọ́là láàárín àsìkò yẹn kan náà. Àwọn olùgbọ́ pariwo, wọ́n kọ̀wé sí FCC. Ìwé àṣẹ kò sí lórúkọ wọn, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ló wà lórí rẹ̀.

WFMU gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsè ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Upsala lọ́rùn, kò sì sí ẹni tí kò rí i. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó kógbá sílé ní 1995, àwọn ará ilé-iṣẹ́ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Auricle Communications, ẹgbẹ́ náà sì ti ra ìwé àṣẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kú, rédíò rẹ̀ wà láàyè. Ó kó lọ sí Jersey City, ibẹ̀ ló wà títí dòní, Marathon kò sì dúró.

Àwa náà ńkọ́?

A ní Diamond FM ní Yunifásítì Ìbàdàn, Great FM ní Ilé-Ifẹ̀, UNILAG FM ní Àkókà. Ìwé àṣẹ wọn wà lọ́wọ́ yunifásítì, àjọ NBC tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà ló sì ń ṣọ́ wọn. N kò ní kí ẹ lọ dá Marathon ọlọ́sẹ̀ méjì sílẹ̀ lọ́la. Àwọn ènìyàn wa a máa dáwó. Wọ́n ń dá ti ìkórè, wọ́n ń dá ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n ń dá fún aláìsàn tí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ibi tí owó tí wọ́n dá tẹ́lẹ̀ wọlé sí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń darí rédíò ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Ẹ bi NBC ní ohun tó gbà yín láyè kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ yunifásítì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí olùgbọ́ bá dá, rédíò nìkan ni yóò ná an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan péré dán an wò. Bí oṣù mẹ́fà bá sì kọjá, kí atọ́kùn tó tọrọ owó náà padà sórí afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan náà, kó ka ìṣirò rẹ̀ fún àwọn tó dá a, náírà sí náírà, kí ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìbéèrè.